Kí Ẹ Tó Ṣí POS Kẹjọ Sí Àdúgbò Kan Náà

Láti Kàbbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú títí lọ kan Ẹ̀gbẹ̀, òwò mẹ́ta ló ń gbé owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mì nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí báyìí: POS, omi ọ̀rá, àti búlọ́ọ̀kù. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, bàbá tó gba owó ìfẹ̀yìntì, ìyá tí ọmọ rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí láti Àbújá, àwọn ni wọ́n ń kó wọ inú ẹ̀ jù. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ló ń rí owó tó ń wọlé, ẹni tó jókòó ti òwò náà nìkan ló ń rí èyí tó ń jáde. Ohun tí ìrírí ti kọ́ mi nípa èyí tó ń jáde yẹn ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú ìṣirò, torí àánú àwọn tó ń fi owó kan ṣoṣo tí wọ́n ní bẹ̀rẹ̀ ń ṣe mí.

POS ni ká fi bẹ̀rẹ̀, òun ló pọ̀ jù. Ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí CBN ń pààrọ̀ náírà, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo ayé. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ nígbà yẹn, iye tó bá pè lóríi rẹ̀ ni wọ́n ń san. Àwọn tó rí èrè ìgbà yẹn ló gbé agbòjò síta. Owó padà sí ìgboro, chájì wálẹ̀, agbòjò ò kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó jí láàárọ̀ pẹ̀lú ₦100,000 lọ́wọ́ àti ₦100,000 nínú ẹ̀rọ. Ká ní èèyàn 30 gba ₦10,000 lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó sì gba ₦200 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wòran á ní ₦6,000 ti bọ́ sápò. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ á mú tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn ń mú bí 50 kọ́bọ̀ lórí ₦100, títí dé orí ₦20,000. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, wọ́n á fi í sí ₦100. Lórí ₦10,200 tí wọ́n fà lórí káàdì, ₦51 nìyẹn. Ti èèyàn 30 jẹ́ ₦1,530. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò ju ₦100,000 lọ, ₦300,000 ló sì san jáde, ó ní láti wá ₦200,000 mìíràn kí ọjọ́ tó parí. Báǹkì kì í sábà fún un ní iye tó fẹ́, ọwọ́ ilé epo tàbí àwọn tó ń ta ọtí ló ti máa ń rà á. Bí wọ́n bá gba ₦500 lórí ₦100,000, ₦1,000 tún ti lọ. Ó ku ₦3,470.

A ò tíì sanwó ọmọ tó jókòó sábẹ́ agbòjò. Bó bá gba ₦1,500, tí dátà àti owó ìgbaná fóònù jẹ́ ₦400, tí owó àyè àti tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦300, ohun tó kù fún ẹni tó ni owó ni ₦1,270. Ẹ fi iye àdúgbò yín rọ́pò èyí tí mo lò, torí owó ń yí padà. Ọ̀nà ìṣirò náà ò ní yí padà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí oníbàárà 30 yẹn di 15, torí ẹlòmíràn ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Chájì á di ₦3,000. Ilé-iṣẹ́ mú ₦765. Ó ra ₦50,000 péré, ó san ₦250 lórí rẹ̀. Ó ku ₦1,985, ìnáwó ojoojúmọ́ ₦2,200 sì ń dúró. Ó ti pàdánù ₦215 lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ó rí èèyàn 15 tó wá, ó sì rò pé ọjà ń lọ. Tó bá jẹ́ pé 30 náà ṣì ń wá, àmọ́ tí alábàádíje rẹ̀ já chájì sí ₦150 tí òun náà sì tẹ̀lé e, àdánù náà á tó ₦220. Kò sí ẹni tó jà á lólè. Èrè tó wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kéré tó bẹ́ẹ̀.

Torí náà, kí ẹ tó gba ẹ̀rọ, ẹ ra ìwé kan, kí ẹ lọ jókòó síbi tí ẹ fẹ́ gbé agbòjò sí. Ẹ ka àwọn tó ń dúró níwájú àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti aago méje àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ti ọjà. Ọjọ́ ọjà nìkan á tàn yín jẹ. Ká ní èèyàn 120 ló ń wá lójúmọ́, tí POS méje sì wà níbẹ̀. Bíi 17 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣirò òkè yẹn sì fi hàn pé níbi 17 ni èrè àti àdánù ti pàdé. Bí ẹ bá ṣe ìkẹjọ, 15 ni gbogbo yín á máa rí. Ẹ̀yin mẹ́jọ ni ẹ ó jọ máa pàdánù.

Ẹ má sì ka a ní Kejìlá. Mo rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Kérésì ń kó ọmọ Òkun wálé láti Èkó, Àbújá, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì. Oko òfo di ìgboro, ilé tó ti wà ní títì láti ọdún tó kọjá ṣí sílẹ̀, owó ń ya. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kínní, wọ́n ti lọ. Àjíǹde tún máa ń mú díẹ̀ wá. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹjọ ló ń sọ òótọ́ nípa ìlú. Ẹni tó sì gbé òwò rẹ̀ ka akẹ́kọ̀ọ́ ní Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja gbọ́dọ̀ ka ìsinmi àti ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn. Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ohun tó tún ń pa POS ni àṣìṣe, òun ló sì ń yára ju àìrí oníbàárà lọ. ₦10,000 kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáùntì tí kì í ṣe ti ẹni tí oníbàárà ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ju èrè ọjọ́ mẹ́fà lọ nínú ìṣirò òkè yẹn, torí ₦1,270 lọ́nà mẹ́fà kò ju ₦7,620 lọ. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ nọ́ńbà mẹ́wàá àkáùntì náà sínú ìwé yín. Kó tó di pé ẹ tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ẹ ka orúkọ tó jáde sí i létí, kó dáhùn. Ẹni tó bá ní "ẹ ṣáà fi ránṣẹ́, mò ń kánjú", ẹ ní kó fara balẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ní owó ò lọ, tí fóònù oníbàárà sì dún pé wọ́n ti yọ owó rẹ̀, ẹ má sanwó torí ariwo. Ẹ tẹ rìsíìtì rẹ̀ fún un, ẹ kọ aago, iye, nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn káàdì àti nọ́ńbà RRN (èyí tí báǹkì fi ń tọpa owó náà) sínú ìwé, kí ẹ ní kó fi rìsíìtì náà kàn sí báǹkì tó fún un ní káàdì. Tó bá sì jẹ́ tìráńsífà ni wọ́n fẹ́ fi sanwó fún yín, àtẹ̀jíṣẹ́ tó dún lórí fóònù kì í ṣe owó. Ẹ wo iye tó wà nínú ẹ̀rọ gangan: ṣé ó ti lé sí i? Bí kò bá tíì lé, owó ò tíì dé.

Lálẹ́, ẹ pa owó ọwọ́ àti owó inú ẹ̀rọ pọ̀ kí ẹ tó sanwó ẹnikẹ́ni. Nínú àpẹẹrẹ wa ti àkọ́kọ́, kò sí owó lọ́wọ́ mọ́, ₦203,470 ló wà nínú ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ ₦193,470 lẹ rí, ₦10,000 ti sọnù lónìí, ìwé lè fi ibi tó gbà hàn yín. Tó bá di ọjọ́ Sátidé kí ẹ tó kà á, ìjà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ tó ń jókòó ni yóò dà. Mo gbà pé iṣẹ́ alẹ́ yìí ló ya àwọn tó pẹ́ nínú POS sọ́tọ̀ ju ibi tí wọ́n jókòó sí lọ.

Ẹ má gbàgbé òfin náà. Láti Kejìlá 2024, CBN ti ní oníbàárà kan ò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ lọ́dọ̀ àwọn aṣojú báǹkì, ìyẹn àwọn oní-POS, tàbí ₦500,000 lọ́sẹ̀, aṣojú kan ò sì gbọdọ̀ san ju ₦1.2 mílíọ̀nù lọ lójúmọ́. Ẹni tó ń lálàá pé òun á máa san mílíọ̀nù márùn-ún lójúmọ́ lórí ẹ̀rọ kan, ó ti ré kọjá ohun tí òfin gbà.

Ṣé POS ò wá dára fún ẹnikẹ́ni ni? Ó dára fún ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tí owó ọwọ́ ń wọ̀: ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹni tó ń ta ẹja yìnyín, ilé epo, olóògùn. Owó tí wọ́n fi ra ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa san fún àwọn tó fẹ́ gbowó. Kò ra owó, kò gba ọmọ mìíràn, kò san owó àyè lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó o láti rí èrè, níbi tí alágbòjò ti nílò 17. Ìdí rèé tó fi ń sú alágbòjò, tí oníṣọ́ọ̀bù kì í kúrò.

Omi ọ̀rá ti bàbá wa tó gba owó ìfẹ̀yìntì wá le ju èyí lọ, torí owó tí wọ́n ń rì sí i kì í jáde mọ́. Gbogbo ìlú ńlá ilẹ̀ Òkun ló ti ní ju ọ̀kan lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣì níbẹ̀ ni ilẹ̀. Orí àpáta la wà. Omi tí bọ́hòlù ń fà níbí, inú ibi tí àpáta ti sán ló wà, ó lè pọ̀ ní ilé kan kó má sì sí rárá nílé kejì. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ wá. Ẹ má gbẹ́ ẹ nígbà tí òjò ṣì kún ilẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án kí ẹ wá gba ohun tó jáde gbọ́. Oṣù Kejì àti Ìkẹta, nígbà tí omi ọ̀rá ń tà jù lọ, nígbà yẹn gan-an ni bọ́hòlù ń rẹlẹ̀ jù.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa fi wákàtí mélòó kan pọn omi sínú gárawá tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì máa wo aago. Àpò kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà, àpò kan jẹ́ lítà 10. Àpò 1,000 lójúmọ́ ń jẹ lítà 10,000, ká má tíì sọ omi tí wọ́n fi ń fọ fílítà. Bọ́hòlù tó ń mú lítà 15 wá ní ìṣẹ́jú kan ń mú 900 wá ní wákàtí kan. Ó ní láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 11 lọ kí àpò 1,000 tó pé, lórí jẹnẹrétọ̀ bí iná ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná AEDC ò bá dé. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìṣirò yìí, kó má tíì ra ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn omi ni ilé. NAFDAC ò ní fọwọ́ sí i bí yàrá ìfọ̀mọ́ omi, yàrá ẹ̀rọ, ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ, ibi ìkó ọ̀rá sí àti ibi ìkó omi tó ti parí sí kò bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó kọ́lé kí wọ́n tó béèrè ló ń wó ògiri lẹ́ẹ̀kejì. Omi á gba inú fílítà oníyanrìn, á gba ti èédú, á gba àwọn kéékèèké, kó tó kọjá lábẹ́ iná UV tó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Fílítà kéékèèké tó ti pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ lò. Gílóòbù UV, ní nǹkan bí wákàtí 9,000, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán bó tilẹ̀ ṣì ń tàn. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi sí i ló lè sọ ọ́.

Ọ̀rá ni owó pọ̀ sí jù. Kílò ni wọ́n fi ń tà á. Ẹ wọn ọ̀rá kan ṣoṣo: bó bá jẹ́ gíráàmù 2, kílò kan á fún yín ní 500, ìyẹn àpò 25, kí ẹ tó yọ èyí tó bàjẹ́. Bí ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ bá ń ba 25 jẹ́ nínú 500, àpò kan ó lé ti lọ lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ìdí tó fi ń bàjẹ́ jù ni iná tó relẹ̀: irin tó ń lẹ ọ̀rá ò gbóná tó, ẹnu rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Tàbí Teflon tó bo irin náà ti jóná, ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń ya. Ẹ máa mú ọ̀rá kan ní ìṣẹ́jú 15-15, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Bó bá jò, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ọ̀rá kan tó ń jò á rin gbogbo àpò, oníṣọ́ọ̀bù á sì dá àpò náà padà lódidi.

Síbẹ̀, ọkọ̀ ló ń pinnu ẹni tó máa yè láàárín àwọn olómi. Àpò 200 wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì. Ọ̀nà tó gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin ti ń pa sípíríǹgì àti táyà láti ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwìn: oníṣọ́ọ̀bù kan lè máa gba omi lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, kó máa fi owó ti àná san ti ìjẹta. Nígbà tí ẹ bá ní kó san tiyín tán, á kúrò lọ́dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ìkẹrin, tí kò tíì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni àwìn ń gùn sí i. Ẹ fi òdiwọ̀n sí i: àpò tí ẹ gbé wá lónìí, owó ti tẹ́lẹ̀ ni kó kọ́kọ́ jáde.

Ti búlọ́ọ̀kù ò gùn. Sìmẹ́ǹtì Ọbájànà tó wà nítòsí ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé owó ò pọ̀ ńbẹ̀, ni gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ lẹ́bàá títì bá ra mọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, iye ò lè gòkè, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í na sìmẹ́ǹtì. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ń yọ búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 bíi 25 sí 30 nínú àpò kan; ẹni tí ọjà ti há mọ́ ń yọ 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sókè dé orúnkún, kí ẹ jù ú sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán: èyí tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ má fi kọ́lé. Búlọ́ọ̀kù tó ní sìmẹ́ǹtì tó náà á bàjẹ́ bí wọn ò bá fi omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, pàápàá nígbà ọyẹ́. Èyí ń dùn mí, torí ilé ni wọ́n ń fi kọ́, èèyàn ló sì ń sùn sínú ilé.

Ilé ìgẹrun, ilé ìwo bọ́ọ̀lù, ọ̀kadà: ìṣirò POS náà ni. Ẹ ka àwọn tó wà, ẹ ka àwọn tó ń wá, ẹ pín in.

Níbo ló wá ṣí sílẹ̀? Ẹ wo ohun tí gbogbo òwò tó pọ̀ yìí ń bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ omi mélòó ló wà, ẹni mélòó ló sì lè tún irin ìlẹ̀ ọ̀rá àti ẹ̀rọ inú bọ́hòlù ṣe láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin? Ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ fi dúró nínú oṣù Ìkẹta, olómi ò ní dúnàá-dúrà púpọ̀ pẹ̀lú ẹni tó lè jí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ náà ńkọ́? Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu sára rẹ̀ ń kú, ẹ̀gẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbúngbùn-gbúngbùn, gààrí ò ní kúnná. Ẹni tó ń lọ láti abúlé dé abúlé ní Bùnú àti Yàgbà, tó ń gbé páànù tuntun àti bẹ́líìtì dání, kò ní alábàádíje tó pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kajú. Àwọn tó ń rà á ti pọ̀, mi ò ní kí ẹ lọ kún wọn. Àwọn tó ń sá a, tó ń ṣà á, kí wọ́n tó tà á ló kéré. Láti oṣù Kejì sí Ìkarùn-ún, àgbẹ̀ ń tà á ní tútù torí owó ń kán an lójú, olówó ńlá sì ń já iye lulẹ̀ torí omi inú rẹ̀. Ẹ sá a sórí símẹ́ǹtì tàbí tapólì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa yí i, títí tí omi inú rẹ̀ á fi wà láàárín 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú ọkà lè wọ̀n ọ́n. Ẹ da díẹ̀ sínú omi: èyí tó léfòó, ẹ ṣà á kúrò. Ẹ wọn kílò kan kí ẹ ka èso inú rẹ̀. Bí kò bá tó 200, ó tóbi dáadáa, ẹ lè fẹnu ko iye. Kí ẹ sì gé díẹ̀ sí méjì wò, torí inú rẹ̀ ni ẹni tó ń rà á fún òkè òkun ń sanwó fún. Àpò jútù oní-kílò 80 ni kí ẹ kó o sí. Nínú àpò ọ̀rá, ó máa ń làágùn, ó sì lè ti hu funfun kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á.